Àpótí Tí Ọlátúndé Gbé Sábẹ́ Ibùsùn Mi

Ìgèdè-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Ọ̀wàrà, 1978.

Monínúọlá, àkọ́bí mi,

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin oṣù Ògún, ni àbúrò rẹ Ọlátúndé kú. O mọ̀, o sì wá sunkún níbí. Mo tún ń sọ ọ́ nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ara rẹ le ní Kàdúná? Ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ńkọ́? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àìsàn mọ ojúlé yín. Èmi ṣì ń mí.

O mọ iṣẹ́ tó ń ṣe ní ilé iṣẹ́ pákó ní Adó. Òun ló ń kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wọn ń tẹ̀ lé. Láìsí àṣẹ yẹn, ẹ̀rọ náà kò mọ iye pákó tó wà nílẹ̀, kò mọ ẹni tí wọ́n máa kó o lọ bá. Á kàn máa wò bọ̀ọ̀ bí àgùntàn. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ó máa ń da àṣẹ náà kọ sórí àwọn àwo dúdú pẹlẹbẹ kan, á gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi, á sì mú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Bàbá, ṣé abà kan ṣoṣo lẹ ń kó gbogbo irúgbìn yín sí?" Ó yé mi. Mo ní ká so ó sí àjà pẹ̀lú àgbàdo nígbà náà. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní èéfín á bà á jẹ́. Abẹ́ ibùsùn mi ló gbé àpótí náà sí.

Àwo tuntun ló ń gbé bọ̀ lórí alùpùpù nígbà tí ọkọ̀ gẹdú gbá a nítòsí Ìyìn. Èyí tó wà lára rẹ̀ fọ́. Ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú wà lọ́dọ̀ mi.

Lóṣù tó kọjá, ìjì ṣí òrùlé ọ́fíìsì wọn. Omi ba ẹ̀rọ náà jẹ́, ó sì ba àwọn àwo tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú. Wọ́n ti tún ẹ̀rọ ṣe, ṣùgbọ́n kò rí àṣẹ tẹ̀ lé. Ọ̀gá wọn, Adéyẹyè, gbọ́ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ pé àpótí kan wà lọ́dọ̀ mi. Ó wá dọ̀bálẹ̀: "Bàbá, ọgọ́ta èèyàn ló jókòó sílé. Ẹ ṣàánú wa."

Mo ní ọwọ́ mi kò gbà á. Ìwọ náà mọ̀ pé bàbá kì í jogún ọmọ. Nígbà tí wọ́n ń pín aṣọ rẹ̀, ìta ni mo jókòó sí. Ṣé èmi ni kí n wá máa gbé ẹrù rẹ̀ fún àlejò?

Ó padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò dọ̀bálẹ̀ mọ́. Ó ní ọmọ mi jí iṣẹ́ wọn gbé ni, pé bí oṣù yìí bá parí tí òun kò rí àpótí, ọlọ́pàá á wá gbé e, wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí olè. Mo ní, "Olè wo ló ń dá ẹrù padà fún olóhun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

Ọjọ́ kẹjọ rèé tí n kò lọ oko, kí wọ́n má baà wá gbé e lẹ́yìn mi. Bí mo bá gbé e sílẹ̀, mo ti jẹ èèwọ̀. Bí mo bá dì í mú, wọ́n á pe òkú ọmọ mi lólè, ebi á sì pa ọgọ́ta ilé. Mo ti gbé ọkọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan láti fọ́ àpótí náà, nítorí ẹrù inú rẹ̀ ló pa ọmọ mi. Ọwọ́ mi kọ̀. Ọlátúndé kò fi ọmọ sílẹ̀. Ohun tó kọ ló kù.

Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀. Ìwọ lo lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí o bá fẹ́ fún wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé pé Ọlátúndé ń bá wọn pa á mọ́ ni, kì í ṣe olè. Bí o bá fẹ́ sun ún, n kò ní bi ọ́. Wá kí oṣù tó parí. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ó di tìrẹ.

O kò ní fojú sunkún ọmọ. Àwọn tí o bí ni yóò sin ọ́. Àṣẹ.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Àríyọ̀.

Àfikún: Kọ́kọ́rọ́ àpótí náà wà nínú lẹ́tà yìí. Yétúndé, tíṣà tó ń bá mi kọ ọ́, ló fi sí i. Ọwọ́ mi kò kàn án.