Fíìmù Olè Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Wa

Ak-Jar, lẹ́yìn tí yìnyín ti yọ́ lójú ọ̀nà

Urmat ọmọ mi,

Ìyá rẹ ló ń kọ̀wé yìí. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ìlú ńlá, mo kí ọ kú òtútù tí mo gbọ́ pé ó mú yín ní Bishkek. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ò ń jẹun gidi, àbí tíì àti sìgá náà ni? Bí ara rẹ bá le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Tiwa náà kò burú, ẹsẹ̀ bàbá rẹ nìkan ló ń dùn ún, òun sì ní kì í ṣe ẹsẹ̀ òun ló ní àìsàn, ojú ọjọ́ ni. Màlúù dúdú ti bímọ, akọ ni, ó ní funfun níwájú orí, bàbá rẹ sì ti sọ ọ́ ní Urmat. Má bínú o, ó ní kí òun náà lè ní Urmat kan tí òun máa pè tó máa dáhùn.

Ohun tí o fi rán awakọ̀ sí wa ti dé. Bọ́tìnnì ni mo kọ́kọ́ pè é kí tíṣà tó sọ pé fíláàṣì tí wọ́n ń tọ́jú fíìmù sí ni, nítorí kò gùn ju ìka ọmọdé lọ, mi ò sì mọ bí odindi ènìyàn àti mọ́tò àti òjò ṣe gba inú rẹ̀. Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sórí àpò ìyẹ̀fun nítòsí ààrò kí òtútù má baà mú àwọn tó wà níbẹ̀, títí tíṣà iléèwé fi wá mú un lọ́jọ́ Jímọ̀. Gbọ̀ngàn ìlú la ti wò ó, lọ́sàn-án, wọ́n fi kúbùsù dí fèrèsé, wọ́n ta aṣọ ibùsùn mi tó funfun jù lọ sára ògiri. Gbogbo Ak-Jar ló wá. Wọ́n ní ọmọ èmi Sayrakan ló kọ ìtàn náà, òun náà ló darí àwọn tó ṣe é, mo sì jókòó síwájú bí ìyá ìyàwó.

Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè, ṣé kò sí iná ní Bishkek mọ́ ni? Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú òkùnkùn ni gbogbo wọn wà, òjò kò sì dá. Bàbá rẹ ní ó ní láti jẹ́ pé owó iná ló wọ́n yín, ó ní kí ẹ wá ya èyí tó kàn lọ́dọ̀ wa, oòrùn tiwa ọ̀fẹ́ ni. Ọmọbìnrin tó ń kọrin yẹn ńkọ́, tí ẹ̀wù rẹ̀ kò lápá, tí ẹ jẹ́ kó dúró sínú òjò bẹ́ẹ̀, ta ni ìyá rẹ̀? Mo ti ń hun ìborùn fún un. Nígbà tí Marat, olè rẹ, ṣí àpótí irin ọ̀gá olówó yẹn tó sì ń da owó sínú àpò, Ermek ọlọ́pàá wa dìde, ó jáde síta, ó fi fóònù pe ọ̀gá rẹ̀ pé òun fojú ara òun rí olè. Ọ̀gá náà bi í pé nígbà wo ló ṣẹlẹ̀. Ó ní ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Toktosun àbúrò mi gan-an ni mo torí rẹ̀ mú gègé. O kò sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo lọ kọ́ iṣẹ́ olè ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, èmi rò pé oyin lo lọ ń lá nídìí ilé oyin rẹ̀. Marat rẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ìka, ó fi ṣúgà sábẹ́ ahọ́n, ó gbé etí lé irin, ó ní irin dà bí màlúù onítìjú, ẹni tó bá kánjú kò ní rí wàrà. Urmat, ta ni kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ak-Jar? Gbogbo orí ló yí padà sẹ́yìn. Toktosun jókòó sídìí ilẹ̀kùn, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún, kò wo ẹnikẹ́ni. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tó ti ti ẹ̀wọ̀n dé, kò mú abẹ́rẹ́ ẹnì kan, síbẹ̀ bó bá ń gba ojú ilé kọjá, kọ́kọ́rọ́ ni wàá máa gbọ́ tó ń dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Burul, opó Isak, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohun tó wà láàárín òun àti Toktosun, o kéré nígbà náà, jẹ́ n sọ ọ́ fún ọ. Nígbà tí oko àjùmọ̀ní ṣì wà, Isak ni akápò, kọ́kọ́rọ́ àpótí irin oko sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Toktosun ṣí àpótí náà láìlo kọ́kọ́rọ́, ó kó owó àwọn tó rẹ́ irun àgùntàn, ó sá lọ. Isak ni wọ́n wá mú. Oyún wà nínú Burul, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ gbé oúnjẹ fún un ní àtìmọ́lé. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé àwọn ọlọ́pàá ti fi ajá mú Toktosun ní ìlú Osh, wọ́n tú Isak sílẹ̀ pẹ̀lú ikọ́ tí kò fi í sílẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Láti ìgbà náà, Burul kò bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ kan. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, òun a gba inú pápá.

Nínú fíìmù rẹ, wọ́n mú bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé olówó náà dípò Marat, ìyàwó rẹ̀ dúró síwájú géètì àtìmọ́lé pẹ̀lú àpò oúnjẹ lọ́wọ́. Marat gbọ́ ọ nínú rédíò mọ́tò lórí òkè, ó pa rédíò, ó wakọ̀ lọ. Ó parí. Orúkọ yín bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gun òkè bí àgùntàn tí ajá lé, mò ń wá tìrẹ, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Toktosun lẹ́yìn.

Ó ní, "Kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi padà."

Tíṣà pa ẹ̀rọ. Toktosun ò gbé ohùn sókè, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ilé oyin. Ó ní kò sí ajá kankan, kò sẹ́ni tó mú òun. Ní ilé tíì kan ní Osh ni ará Naryn kan ti sọ ọ́ létí òun pé wọ́n ti ti Isak mọ́lé, pé ìyàwó rẹ̀ lóyún. Òun kò mu tíì náà tán. Òun wọ bọ́ọ̀sì padà, òun fẹsẹ̀ ara òun wọ ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Àwọn yẹn ló kọ ọ́ pé àwọn mú òun, torí ìyẹn dára fún ipò wọn. Èmi tí a jọ mu ọmú kan náà, Urmat, mi ò gbọ́ ọ rí.

Burul dìde. Ó bi í pé, "Kí ló dé tí o kò fi sọ láti ọjọ́ yìí?"

Toktosun ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo kó owó náà. Kí ni mo tún fẹ́ sọ tẹ̀lé e?"

Burul wé ìborùn rẹ̀, ó lọ sílé. Àwọn èèyàn rọra ń jáde, Ermek nìkan ló ń béèrè bóyá ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀, bàbá rẹ sì ní kó lọ jókòó jẹ́ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Burul wá sílé wa, ó jókòó nídìí ààrò. Ó ní ojú òun ò kúrò lára ìyàwó arúgbó inú fíìmù yẹn, pé a ti tú ká, àwa ti jẹun, àwa ti sùn, obìnrin náà ṣì dúró sí géètì. Ó ní kí n sọ fún ọ kí o dá olè náà padà. Mo ní tíṣà ti sọ pé fíìmù tó bá ti parí ti parí. Ó ní ìdájọ́ kóòtù pàápàá, wọ́n ń tún un gbé yẹ̀ wò, mélòó mélòó ni ti Urmat. Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ló ti rí Toktosun lójú fèrèsé, tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ. Ó kan fèrèsé, ó ní kó wọlé wá mu tíì. Òun ló bu tíì fún un fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kí ife kún, bí a ṣe ń bù ú fún àlejò tí a ò fẹ́ kó tètè lọ. Wọn ò sọ nǹkan gidi. Toktosun ní fíìmù náà dára, àfi pé bàtà Marat ń dún. Burul rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí ọ náà: o bi Toktosun bó ṣe wọlé olówó, o ò bi í bó ṣe padà sílé.

Mo mọ̀ pé ò ń wá ibi tí màá ti tọrọ owó, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Owó oògùn ẹsẹ̀ bàbá rẹ lè dúró di oṣù tó ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àwa la fi owó ránṣẹ́. A mọ̀ pé epo mọ́tò wọ́n, bóyá epo ló tán lórí òkè yẹn tí ẹ kò fi lè dá Marat padà, nítorí náà ìlú dá owó epo jọ. Burul ló kọ́kọ́ fi igba som lélẹ̀. Ermek náà dá. Tíṣà ní òun lè gba inú fóònù fi í ránṣẹ́, mo ní rárá, owó tó bá gba inú fóònù, ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa fi sọ tán. Wàá rí i nínú ìbọ̀sẹ̀ onírun tí awakọ̀ ń mú bọ̀, èyí tó wà fún ẹsẹ̀ òsì. Toktosun ti ṣírò ọ̀nà náà, ó ní epo á tó dé ẹnu géètì bí Marat kò bá sáré. Burul ní kó tan iná iwájú mọ́tò láti òkèèrè, kí obìnrin yẹn lè tètè mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀.

Bàbá rẹ kí ọ, Urmat kékeré náà ké. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilé rẹ ṣú, kí àwọn tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ má dà ọ́, kí oúnjẹ rẹ máa gbóná, kí o rí ìyàwó tó ń wọ ẹ̀wù tó lápá. Wàá dàgbà, wàá dàgbà jù wá lọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sayrakan