Oúnjẹ Olúwa Tí Wọ́n Fi Du Dádì

Dádì mi àtàtà,

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni bíṣọ́ọ̀bù máa gbé ọwọ́ lé wa lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ọ́fà níbí. Lẹ́yìn náà ni n ó kúnlẹ̀ jẹ Oúnjẹ Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́. Màámi ti gun kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ gba aṣọ funfun mi lọ́dọ̀ télọ̀ n'Íjagbo, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí, Dádì.

Ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe? Tí wọ́n bá ti ń ṣí aṣọ funfun kúrò lórí tábìlì Oúnjẹ Olúwa, ẹ á mú fìlà yín, ẹ á yọ́ jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ á máa bá wọn kọrin látibẹ̀, ohùn yín á máa gba ojú fèrèsé wọlé, ẹ á sì parí ẹsẹ orin ṣáájú gbogbo ìjọ. Mo rò pé atẹ́gùn lẹ ń gbà ni.

Ọjọ́ tí a sin yín ni mo tó mọ̀. Wọn ò jẹ́ kí pósí yín wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu geéètì ni wọ́n ti gbàdúrà fún yín. Àṣé torí màámi tó jẹ́ ìyàwó kejì ni. Ìjọ ní kẹ́ ẹ lé màámi lọ kẹ́ ẹ tó lè jẹ Oúnjẹ Olúwa! Oyún mi ló wà nínú wọn nígbà náà. Ẹ ò lé wọn, ẹ ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀fà tí ìjàkadì jẹ́ orò yín, kí ló dé tẹ́ ẹ ò jà?

Wọ́n kọ́ wa pé ikú lèrè ẹ̀ṣẹ̀, pé oore-ọ̀fẹ́ ló ń fúnni ní ìyè tuntun, kò sẹ́ni tó lè fiṣẹ́ ọwọ́ rà á. Mo ti há gbogbo ẹ̀ sórí. Mo bi tíṣà tó ń kọ́ wa léèrè ibi tí ẹni tó kú láìjẹ Oúnjẹ Olúwa ń lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé orin kiri.

Dádì, níbo lẹ wà? Ṣé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún yín, àbí ìta náà lẹ ṣì wà lọ́hùn-ún? Ṣé èmi ni ẹ̀ṣẹ̀ yín? Yéè, ó sú mi! Mi ò sì lè sọ pé mi ò lọ mọ́. Màámi ń yọ̀ ṣìnkìn pé ọmọ àwọn á débi tí àwọn méjèèjì ò dé.

Mo máa lọ. Mo máa gbé ìdajì àkàrà Oúnjẹ Olúwa náà mì, màá sì fi ìdajì pamọ́ sábẹ́ ahọ́n mi, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí màá fi dé ibi sàréè yín lẹ́yìnkùlé ilé wa, kí n lè fún yín ní ìpín tiyín. Tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Tó bá sì ti yọ́ tán kí n tó débẹ̀, màá fi ẹnu mi kan iyẹ̀pẹ̀ yín.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tẹ́ ẹ kọ̀ láti lé lọ.