Ọkọ̀ Ti Dáhùn, O Ṣì Ń Pè É

Hàkímù Àjàní, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ooru Niamey, mo kí ìyàwó mi Zaynab, mo kí ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn. Ibi tí ẹ ti ń jẹ kò ní gbẹ, ẹsẹ̀ ara yín ni ẹ ó fi rìn wálé. Ara mi le, orúnkún nìkan ni kò gbà. Ewúrẹ́ tí o rà fún mi ti bímọ, akọ ni méjèèjì, nítorí náà má wulẹ̀ yọ̀. Ìsmáílà aránṣọ ló ń bá mi kọ ìwé yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ dídùn kún tèmi.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rẹ ni. Nígbà tí Zaynab fi ohùn ránṣẹ́ sínú fóònù Ìsmáílà, mo ṣe bí ẹnì kan ló ń lọ ata, mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́, kò dá mi lóhùn. Ìsmáílà ní ọkọ̀ rẹ ni, pé bó ṣe máa ń ké nìyẹn láràárọ̀ tí o bá fẹ́ gbé aṣọ láti Talladjé lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Zongo. Ó yà mí lẹ́nu pé ọkọ̀ tí kò rí mi rí mọ ibi tí yóò pè mí sí, ìwọ tí mo tọ́ dàgbà kò pè.

Kàbír, mẹkáníìkì yín ní Bobiel, ní sítátà ló kú, ìyẹn irin tó ń jí ọkọ̀ lójú oorun. O ra òmíràn, ìyẹn náà kú. O ra ẹ̀kẹta, ó ti ń ṣàìsàn. Èmi rò pé ọkọ̀ náà kì í sùn tó ni, torí ọkọ̀ tó ti gbó kí ẹ tó rà á, àgbàlagbà ni, a kì í fi ariwo jí i. Mo fi ìgò àdí kan ránṣẹ́ kí o fi pa á níwájú, níbi tí ojú rẹ̀ wà. Zaynab ní o fi pa á, ó ṣì ń ké, eruku sì tún lẹ̀ mọ́ ọn. Ìwọ wá ní ayé ni, pé ẹnì kan ní Zongo ló ń bá ọ jà.

Mo ní kí Ìsmáílà tún ohùn náà tẹ̀ fún mi. Mo fetí sí i dáadáa. Hàkímù, ọkọ̀ náà kọ́kọ́ jí, ó ń mí bí ọkọ̀ ọmọlúàbí, kó tó wá figbe ta, kẹ̀rrrr. Ó ti dáhùn, o ṣì ń pè é. Ẹni tí a pè tó jẹ́, tí a tún ń pè, ṣé kò ní bínú? Mo bi Zaynab léèrè bóyá ó ń ké tí Kàbír bá yí kọ́kọ́rọ́. Ó ní rárá, pé bó bá ti jí ni Kàbír ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ìwọ nìkan lo máa ń dì í mú tí irin fi ń rún irin jẹ.

O kì í fi í sílẹ̀ torí pé o kì í gbọ́ pé ó ti jí. Tàjùdéèn tó ń ta léèsì nítòsí rẹ wálé, ó ní owó ti gùn ọ́ lórí, pé òun kí ọ títí láti ẹ̀yìn, o kò bojú wẹ̀yìn. Mo bú ọ lọ́jọ́ náà. Lórí fóònù, bí mo ti ń pariwo, hẹ́n ni ìwọ ń wí. Mo rò pé Niamey ló jìn, mo máa ń rìn lọ sí ìparí àgbàlá kí ọ̀nà lè kúrú.

Etí rẹ ni. Ti òsì máa ń sun ọyún nígbà tí o wà ní kékeré, èmi ni mò ń nù ún. Mo sì mọ̀ pé o mọ̀. O ń fi pamọ́ kí oníbàárà má baà pè ọ́ ní adití. Kí wọ́n pè ọ́. Ọkọ̀ àjàgbé tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ kò mọ̀ pé ojú ń tì ọ́. Ó ń fọn fèrè, o kò gbọ́, ìyàwó mi àti ọmọ sì wà nínú ọkọ̀. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn, torí bí mo bá pariwo ẹ̀ lórí fóònù, gbogbo agbo ilé ni yóò gbọ́ ṣáájú rẹ.

Lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú etí. Má da àdí sí i, má sì fi ìyẹ́ adìẹ ro ó. Kí Zaynab tẹ̀lé ọ, torí o kò ní gbọ́ ohun tí dókítà bá sọ, o ó sì parọ́ pé o gbọ́. Kí o tó lọ, nígbà tí o bá ń yí kọ́kọ́rọ́, gbé ọwọ́ kejì lé iwájú ọkọ̀ nínú. Bó bá ti ń gbọ̀n, ó ti jí, tú kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Kí o sì lọ kí Tàjùdéèn, kí o sọ òótọ́ fún un.

Owó tí o fẹ́ fi ra sítátà kẹrin, pín in. Fún dókítà ní apá kan. Fi apá kejì ránṣẹ́ sí mi, torí ẹni tó tún ọkọ̀ ṣe láti abúlé yẹ kó gba owó iṣẹ́.

Ọlọ́run yóò là ọ́ létí. Ọmọ rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ pe bàbá láti ẹ̀yìn rẹ, o ó gbọ́, o ó sì jẹ́ ẹ.

Èmi ìyá bàbá rẹ,
Mọ́rìlíátù.