Má Ká Ìwé Ìbò Rẹ Bí Ẹni Ń Ká Aṣọ

                                        Ojúlé kejì sí Ibi Ìfọṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn Kékeré.
                                        Ọjọ́ Ajé, ìbò ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo jí? Orúnkún ńkọ́? Àwọn Ìbejì ńkọ́, àti ìyàwó ọmọ rẹ tí kì í fi iyọ̀ sí oúnjẹ rẹ? Mo mọ̀ pé o ti ń bú mi pé n ò kọ̀wé. Má bínú. Ara mi le, ilé ló dákẹ́. Láti ìgbà tí Káfíńtà ọkọ mi ti lọ, mo ń jí, mo ń da èédú sínú áyọ́ọ̀nù, mo ń lọ aṣọ àwọn èèyàn, ilẹ̀ ń ṣú. Ọmọ mi obìnrin ní òun á bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo ní kó lọ jókòó. Ìwé díẹ̀ tí mo kà kò tíì jò dànù.

Ọ̀rọ̀ ìbò ni mo bá wá. Má tíì ju lẹ́tà sílẹ̀ o.

O mọ̀ pé lẹ́yìn ìbò tó kọjá, nígbà tí Tíṣà tá a dìbò fún fi ìbò díẹ̀ pàdánù, Alága ìjọba ìbílẹ̀ tó wọlé gba ìdajì ibi ìfọṣọ wa, ó sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló kù fún gbogbo wa. Ó ti ní bí òun bá tún wọlé, òun á gba èyí tó kù. Tíṣà náà ti tún jáde, ó ní ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Bí ibẹ̀ bá lọ, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, n ò sì ní jókòó kí ọmọ máa bọ́ mi bí adìyẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin kan wá bá wa níbẹ̀, ó ní òun wá kọ́ wa bí a ṣe ń dìbò. Ó kó bébà tí wọ́n ya àwòrán ẹgbẹ́ òṣèlú sí bí ìwé ìbò dání, pẹ̀lú yíǹkì. Mo ní, "Ìwọ fẹ́ kọ́ mi? Mo ti ń dìbò kí ìyá rẹ tó mọ ọkùnrin." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá wa. Ẹ ṣáà bá mi fi han àwọn yòókù bí ẹ ṣe ń ṣe é."

Ọmọ yẹn gbọ́n. Mo dìde. Mo tẹ̀ka sórí àwòrán àtùpà, mo sì ká bébà náà bí mo ṣe ń ká ṣẹ́ẹ̀tì, etí kan etí, mo fi èékánná fà á kó gún, kí ẹnikẹ́ni má yọjú wo ẹni tí mo mú. Ó ní kí n tú u. Yíǹkì tútù ti lẹ̀ mọ́ àwòrán àga tó wà lódìkejì, bí ẹni pé mo tẹ̀ka lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, "Ìyá wa, wọn ò ní lè mọ ẹni tẹ́ ẹ mú. Wọ́n á jù ú nù ni."

"Wọ́n á ju kí ni nù?"

"Ìbò yín."

Ni Bàbá Ọlọ́ṣẹ, tó máa ń fọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bá pariwo pé, "Yéè! Bí gbogbo wa ṣe ń ká a nìyẹn o! Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa!" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo padà sídìí tábìlì, mo lọ aṣọ tó kù. O ṣáà rántí bí èmi àti Káfíńtà ṣe ń búra pé wọ́n jí ìbò wa. O rántí bó ṣe máa ń gbé bébà tiẹ̀ sókè lẹ́bàá àpótí, kí n lè rí i pé ó ká a dáadáa, èmi náà á sì mi orí sí i. Inú ìbínú yẹn ló kú sí. Nígbà tí mo délé, mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń wá ẹkún, n ò rí i. Mo jẹun. Mo sùn.

Nígbà tó yá, mo ránṣẹ́ sí ọmọ náà. N ò bẹ̀ ẹ́ o! Mo ní kó kó aṣọ rẹ̀ tó dọ̀tí wá, n óò fọ̀ ọ́, kó wá tún un kọ́ wa. Ó wá. Bàbá Ọlọ́ṣẹ tẹ̀ka títí àtàǹpàkò rẹ̀ fi dà bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ìwọ náà, ọwọ́ mi lo ti kọ́ aṣọ kíká, ìbò kan náà la sì jọ fẹ́ dì. Nítorí náà, gbọ́. Ìka kan, ẹ̀ẹ̀kan, sójú ẹni tó o fẹ́. Má jẹ́ kó kọjá ààlà. Fi ẹnu fẹ́ ẹ títí yóò fi gbẹ. Ká a lóòró, kó jẹ́ pé ibi tí kò sí àwòrán ni yíǹkì máa dojú kọ. Kò ní gún régé. Ojú á máa tì ọ́ láti gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Gbé e jáde. Bí wọ́n bá ń kọ́ni ládùúgbò yín, lọ, má sọ pé o ti dàgbà jù. Kó àwọn Ìbejì dání, àti ìyàwó.

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì sọ fún ìyàwó pé mo ní kó wá iyọ̀. N ò mọ̀ bóyá ìbò wa á tó láti gba ibi ìfọṣọ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n kà á.

Èmi ni, tìrẹ láti ọjọ́ yìí wá,
Ìyá Alágbàfọ̀.