Bùráúsà Tí A Yí Inú Rẹ̀ Síta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé Ọ̀fà o. Àlàáfíà la wà ní Niger Street. Adébísí ìyàwó mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, torí mò ń sinmi ojú díẹ̀.

Ẹ bèèrè bùráúsà tí èmi àti Mọ́yọ̀ọ̀lá ṣe, èyí táwọn ará Ọjà Sabon Gari fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. A ti ṣí i sílẹ̀: ẹnikẹ́ni lè ka bí a ṣe kọ ọ́, kó sì tún un ṣe. Mọ́yọ̀ọ̀lá kọ́kọ́ kọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀fẹ́ náà la fún wọn. Kí ni wọ́n tún ń wá nínú rẹ̀?"

Mo dá a lóhùn pé bàbá mi kì í gbé aṣọ tó rán fún oníbàárà láìyí inú rẹ̀ síta, kí oníbàárà náà lè wo ojú rírán.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọbìnrin kan ní Yankaba rí àṣìṣe mi. Tí èèyàn bá yá fóònù lò, pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀. Ọdún méjì ni mo ti ń wo ìlà tó fa àṣìṣe yẹn láìrí i. Ó tún un ṣe, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ kedere ju bí èmi ì bá ti ṣe lọ. Inú mi dùn, Bàbá. Tí n kò bá lè kà á mọ́, iṣẹ́ náà kò ní dúró.

Adébísí ní kí n sọ òótọ́ nípa ojú mi. Mo ní kó kọ pé mò ń jẹun dáadáa.

Alhaji tó ń ta bọ́tìnnì ní, "A gai da Baba Tela," ìyẹn ni pé ká bá òun kí Bàbá Télọ̀.

Ọmọ yín,
Àyìndé