Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Jáde Mọ́

Àǹtí Oríyọmí, ẹ kú iṣẹ́ o, à ń gbọ́ yín ketekete lórí rédíò ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ ṣáà pè mí ní ẹlẹ́ja. A pọ̀ níbí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ọdún kẹta rèé tí nǹkan oṣù mi ti dúró. Mo rò pé ara á sinmi ni. Àmọ́ báyìí, tí mo bá gbé agbọ̀n ẹja kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi ní Èjìnrìn, mo ní láti jókòó kí n tó dé ìsọ̀. Ọsibítù ní ẹ̀jẹ̀ mi kò tó, áyọ́ọ̀nù ara mi ló lọ sílẹ̀. Áyọ́ọ̀nù tí èmi mọ̀ ni èyí tí a fi ń lọ aṣọ. Ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́, ṣebí ó yẹ kó pọ̀ sí i ni?

Dókítà, ọmọ tí kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ, bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára mi. Mo ní rárá, nǹkan oṣù ti lọ. Ó fún mi ní òògùn ẹ̀jẹ̀, ó ní tí ìgbẹ́ mi bá dúdú, kí n má bẹ̀rù, òògùn náà ni.

Ẹ foríjì mí, ibi tó ti rú mi lójú nìyí. Ìgbẹ́ mi ti dúdú bí ọ̀dà títì kí n tó gbé òògùn kankan mì. Ojú ló tì mí tí mi ò fi sọ. Mùsílímátù, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ní oúnjẹ ni, kí n má fẹnu ara mi kó bá ara mi.

Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí ìyá àgbà bíi tèmi tún padà lọ máa sọ̀rọ̀ ìgbẹ́ fún ọmọdé? Àbí inú ìgbẹ́ dúdú yẹn ni ẹ̀jẹ̀ mi ń gbà lọ?