Bàbá, Mò Ń Wá Èèrà Lẹ́yìn Balùwẹ̀

Bàbá mi tí mi ò lè gbàgbé,

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ẹ mọ̀ pé ìwé mẹ́fà ni mo kà, tí mo bá fẹ́ kọ nǹkan, kì í tètè jáde. Mo ti lọ́kọ o. Oṣù karùn-ún rèé tí mo ti kúrò ní Ìba wá sí ilé ọkọ mi ní Òkókómáíkò. Fọkanáísà ni, táyà ló ń lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsipirẹ́ẹ̀sì. Ó ní sùúrù. Ẹ̀yin náà ì bá fẹ́ràn rẹ̀. Yàrá ìyá rẹ̀ ló kángun sí tiwa.

Bàbá, ẹ̀rù ló ń bà mí.

Lọ́jọ́ tí mo lọ kó ẹrù yín ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú egbò ẹsẹ̀ yín pè mí sórí ìwọ̀n. Ó wò mí lókè nílẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ohun tó pa bàbá ẹ ń bọ̀ wá kí ìwọ náà o, àfi tóo bá kó ẹnu ẹ ní ìjánu."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yí oúnjẹ mi padà. Ẹ̀bà mi kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ, ẹ̀fọ́ ló ń pọ̀. Mo fi mínírà sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì, mo máa ń gba ọ̀nà míì kí n má baà gbọ́ òórùn rẹ̀. Láti Ìba lọ sí ibi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn ín. Nígbà tí ọdún fi máa yí po, ìró tí kì í kárí mi tẹ́lẹ̀ ti ń yí mi po lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn, mi ò rẹ́ni fi hàn. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi hàn.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ká sọ ẹrù kalẹ̀ kò le tó kí ẹrù má tún gun orí ẹni padà. Ojoojúmọ́ ni mo tún ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà míì, òórùn dòdò láti yàrá ẹlòmíì á fẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́kún. Ohun tó ń dá mi dúró ni ẹsẹ̀ yín, bó ṣe rí nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì. Tí mo bá ti rántí rẹ̀, màá gbọ́wọ́ kúrò nínú abọ́.

Mo máa ń rántí gàrí yín náà. Kúbù ṣúgà mẹ́fà, ẹ̀pà, omi tútù inú àmù. Ẹ ó mu ún dé ìdajì, ẹ ó gbé e fún mi, ẹ ó máa wò mí títí n ó fi lá abọ́. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ nígbà yẹn pé ṣúgà ń bá yín jà? Àbí ẹ mọ̀, ẹ kàn dákẹ́ ni?

Èèyàn rere ni Màmá ọkọ mi, ṣùgbọ́n oúnjẹ wọn! Ìyàwó tuntun kò gbọdọ̀ rù lójú ará àdúgbò. "Ìyàwó, jẹun o! Wọ́n á ní ebi ni ọmọ mi fi ń pa ẹ́." Ẹ̀bà tí wọ́n ń gbé fún mi, ọkùnrin méjì lè jẹ ẹ́ yó. Síìpù síkẹ́ẹ̀tì tí mo rán fúnra mi kò dé òkè mọ́. Ojú ń tì mí láti kọ oúnjẹ wọn. Bí mo ṣe purọ́ lọ́jọ́ kan nìyẹn pé mò ń gbààwẹ̀.

Irọ́ kékeré ni mo pè é, Bàbá. Àṣé Màmá ti gbà pé ààwẹ̀ ọmọ ni. Wọ́n dì mọ́ mi, omi bọ́ lójú wọn, ọ̀rọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Aláṣọ funfun ni wọ́n, ẹ sì mọ̀ pé nǹkan dídùn ni wọ́n fi ń tọrọ ọmọ. Wọ́n sọ ọ́ di ọjọ́ méje. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí mo bá fẹ́ ṣínu, àwọn ìyá ìjọ á gbé oyin, ìreke àti àádùn tí wọ́n ti gbàdúrà sí wá, wọ́n á jókòó tì mí.

"Lá a tán, ìyàwó. A kì í jẹ oyin àdúrà kù o!"

"Ìbejì là ń retí, kì í ṣe ẹyọ kan!"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá lá oyin. Ta ni n ó sọ fún pé nǹkan dídùn ló pa bàbá mi?

Lọ́jọ́ kẹrin ni òùngbẹ bẹ̀rẹ̀. Mò ń mu omi, mò ń tọ̀. Bí tiyín ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo rántí èèrà tó máa ń ṣù bo ibi tí ẹ bá tọ̀ sí lẹ́yìn ilé, tí a ń da omi gbígbóná lé wọn lórí, tí a ò mọ̀ pé ṣúgà inú ìtọ̀ yín ni wọ́n wá jẹ. Ni mo bá ń lọ tọ̀ sẹ́yìn balùwẹ̀ láàárọ̀, tó bá ṣe díẹ̀, màá padà lọ bẹ̀rẹ̀ wò ó bóyá èèrà ti dé.

Àná ni Màmá bá mi níbẹ̀.

"Ìyàwó, kí ló sọnù lọ́wọ́ ẹ? Yẹtí ni?"

Mo fẹ́ sọ pé yẹtí ni. Ẹnu mi kọ̀ ọ́.

"Èèrà ni mò ń wá, Màmá."

"Èèrà kẹ̀? Ṣé ara ẹ yá báyìí?"

Mo bú sẹ́kún. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: ẹsẹ̀ yín, nọ́ọ̀sì, ìwọ̀n, ààwẹ̀ tí kì í ṣe ààwẹ̀. Mo rò pé wọ́n á lé mi lọ. Wọ́n dojú korobá délẹ̀, wọ́n jókòó lé e, wọ́n wò mí títí.

"Irọ́ ààwẹ̀ yẹn, èmi pẹ̀lú ẹ la máa lọ tọrọ àforíjì rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ti ìtọ̀ yẹn, dókítà ló máa sọ fún wa. Dìde nínú ẹrẹ̀." Wọ́n na ọwọ́ fà mí dìde. "Kí ni kí n máa sè fún ẹ gan-an báyìí?"

Ọ̀la la máa lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò. Mi ò rí èèrà kankan, ṣùgbọ́n òjò ló ń rọ̀ láti ìjẹta, bóyá òjò ló gbá wọn lọ. Mi ò mọ̀.

Bàbá, nígbà tí ẹ lọ fún àyẹ̀wò tiyín, ẹ dá lọ ni. Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ̀rù bà yín? Àbí ojú ló ń ti ẹ̀yin náà bíi tèmi? Màmá ti yọ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti gbé bàtà wọn wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, kí n má baà jáde láìmú wọn dání.

Ọmọ yín tó ṣì ń pè yín láàárọ̀ kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ